ÒDÚNDÚN ÀTI ÀWỌN ẸBÍ RẸ̀ LÓJÚ FÈRÈSÉ: Ẹ̀kọ́ Lórí Gbígbin Ewéko Olómi-Lára Sínú Yàrá

Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá ń wọ yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lóde òní kò ní ṣàì rí ewéko kékeré kan tí ọ̀pọ̀ ń gbé ka ojú fèrèsé. Ewé rẹ̀ nípọn, ó sì tò yí ara rẹ̀ ká bí òdòdó tí ó là. Ewéko náà lè máà ga ju ìka ọwọ́ lọ. Ọwọ́ àwọn tí ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ni wọ́n ti ń rà á, wọ́n á sì gbé e sínú ife tàbí agolo kí yàrá lè lẹ́wà.

Ṣùgbọ́n bí a bá padà wọ yàrá kan náà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó ṣeé ṣe kí a bá agolo òfìfo níbẹ̀. Ewéko ti kú. Bí a bá bi olówó rẹ̀ pé kí ló ṣe é, yóò dáhùn pé, "Ó yà mí lẹ́nu, ojoojúmọ́ ni mo ń bomi sí i!" Ìdáhùn yẹn gan-an ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Àìtọ́jú kọ́ ni ó ń pa púpọ̀ nínú ewéko wọ̀nyí. Ìtọ́jú tí ó pọ̀ jù ni. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wo irú ẹ̀dá tí ewéko náà jẹ́, ibi tí ó ti wá, àti bí ó ṣe ń mí. Ẹni tí ó bá mọ nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí kò ní ṣe àṣejù.

1. Irú ewéko wo ni à ń sọ?

Kò sí ewéko tí kò ní omi lára, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ń tọ́jú omi pamọ́ sínú ewé, igi tàbí gbòǹgbò wọn de ọjọ́ ọ̀dá, gẹ́gẹ́ bí ìyálé ilé ṣe máa ń pọn omi kún àmù de ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ewéko olómi-lára ni a ó máa pè wọ́n. Bí a bá ṣẹ́ ewé wọn, a ó rí i pé inú rẹ̀ tutù, ó sì kún fún omi.

Lára àwọn olómi-lára wọ̀nyí ni a ti rí àwọn tí ewé wọn ń jáde láti ojú kan ṣoṣo, tí ó ń tò yí ká, ọ̀kan lórí èkejì. Nítorí pé ìtò yìí jọ òṣùká tí àwọn ìyá wa ń fi ru ẹrù, ẹ jẹ́ kí a pè é ní òṣùká ewé. Kì í ṣe ẹwà nìkan ni òṣùká yìí wà fún. Àwọn ewé náà yẹra fún ara wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀kan kì í gba gbogbo ìmọ́lẹ̀ mọ́ èkejì lọ́wọ́. Òjò tàbí ìrì tí ó bá bọ́ sórí wọn a máa ṣàn lọ sí ìdí. Bí ewé sì ṣe nípọn tí ó sún mọ́ ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ lè ti fa omi jáde lára wọn ń dín kù.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun àjèjì pátápátá ni èyí jẹ́ sí àwa Yorùbá. Ta ni nínú wa tí kò mọ òdúndún, ewé tútù tí a ń dárúkọ pọ̀ mọ́ tẹ̀tẹ̀ àti rínrín bí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ̀? Ta ni kò mọ àbámọdá, tí ọmọ wẹ́wẹ́ máa ń hù jáde ní etí ewé rẹ̀? Olómi-lára ni àwọn méjèèjì. Kalanchoe crenata ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe òdúndún. Bryophyllum pinnatum ni wọ́n ń pe àbámọdá, àwọn mìíràn a sì pè é ní Kalanchoe pinnata. Ewé tiwọn kò tò bí òṣùká, igi wọn ga sókè díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹbí kan náà tí à ń pè ní Crassulaceae ni àwọn àti púpọ̀ nínú àwọn olóṣùká tí à ń tà lẹ́bàá títì.

2. Àwọn mẹ́ta tí ó yẹ kí a dá mọ̀

Oríṣiríṣi ni ewéko olóṣùká, ṣùgbọ́n bí a bá mọ ẹ̀yà mẹ́ta, a ti mọ ọ̀nà.

(a) Haworthia. Gúúsù Áfíríkà ni ilé rẹ̀. Duval, onímọ̀ ará Faransé, ni ó fún un ní orúkọ yìí ní ọdún 1809 láti fi bu ọlá fún Adrian Hardy Haworth, ará Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó kọ ìwé púpọ̀ lórí ewéko olómi-lára. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ́jà ni èyí tí ó ní ìlà funfun funfun lára bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ inú igbó tí à ń pè ní sẹ́búrà. Láti ọdún 2013 ni àwọn onímọ̀ ti yọ àwọn bí èyí kúrò lára Haworthia, tí wọ́n sì pè wọ́n ní Haworthiopsis. Méjì ni ó jọ ara wọn nínú wọn: attenuata àti fasciata. Bí kókó funfun bá wà ní iwájú ewé àti ní ẹ̀yìn rẹ̀, attenuata ni. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ewé nìkan ni ó wà, tí iwájú ń dán, fasciata ni. Ọ̀pọ̀ èyí tí à ń tà ní orúkọ fasciata ni ó jẹ́ pé attenuata ni. Ewéko yìí kì í ṣe ọmọ ìyá òdúndún. Ẹbí aloe, tí gbogbo wa mọ̀ lára ọṣẹ àti ìpara, ni ó ti wá. Ohun tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn ni pé abẹ́ igbó ṣúúrú àti ìbòòji òkúta ni ó sábà máa ń hù sí ní ilé rẹ̀, kì í fẹ́ràn oòrùn tí ń jó ni.

(b) Echeveria. Ẹbí òdúndún gidi ni èyí, Mẹ́síkò sì ni ibùdó rẹ̀ àgbà. De Candolle ni ó sọ ọ́ lórúkọ ní ọdún 1828, ó fi bu ọlá fún Atanasio Echeverría, ayàwòrán ará Mẹ́síkò tí ó ya àwòrán ewéko ilẹ̀ náà. Òun ni òṣùká rẹ̀ dà bí òdòdó rósì jù. Àwọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ ewéédú, aró tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú, ìyẹ̀fun funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sì máa ń bo ewé rẹ̀. Orí òkè ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé, níbi tí oòrùn ti mọ́lẹ̀ kedere lọ́sàn-án tí òtútù sì ń mú lóru.

(d) Sempervivum. Ẹbí òdúndún ni òun náà, ṣùgbọ́n orí òkè ńláńlá ilẹ̀ Yúróòpù ni ó ti wá. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ní èdè Látìn ni "alààyè títí". Àwọn ará ibẹ̀ a máa gbìn ín sórí òrùlé ilé. Ìgbàgbọ́ wọn nígbà náà ni pé kò ní jẹ́ kí àrá sán pa ilé. Nínú òfin tí a ṣe fún oko ọba nígbà ayé Charlemagne, ní nǹkan bí ọdún 800, a pa á láṣẹ pé kí olùtọ́jú ọgbà gbìn ín sórí ilé rẹ̀. Yìnyín a máa bò ó mọ́lẹ̀, kò sì ní kú. Bí òṣùká kan nínú rẹ̀ bá yọ òdòdó, òṣùká náà yóò kú lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò ti fi ọmọ sílẹ̀ yí ká.

3. Bí wọ́n ṣe ń mí

Ẹ̀kọ́ yìí ni gbòǹgbò gbogbo ìtọ́jú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ níbẹ̀.

Ewéko ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn, omi, àti atẹ́gùn tí à ń pè ní káábọ́ọ̀nù daiọ́sáìdì pèsè oúnjẹ rẹ̀. Ojú ihò tíntìntín tí ó wà lára ewé ni atẹ́gùn náà ń gbà wọlé. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ìṣápá, ọ̀sán ni wọ́n ń ṣí ihò yìí. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé bí ihò bá ṣí kí atẹ́gùn lè wọlé, omi inú ewé náà yóò máa gba ibẹ̀ jáde. Bí oòrùn bá ṣe ń mú sí i ni omi tí ń jáde ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí a fi ń rí ewé ẹ̀fọ́ tí ó ń rọ lọ́sàn-án gangan.

Ewéko olómi-lára wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tí ó ń sá fún ìnáwó ojú ọjà ni ó rí: ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa lọ́sàn-án, ó sì ṣí i lóru nígbà tí afẹ́fẹ́ tutù, tí omi tí yóò jáde kò tó nǹkan. Atẹ́gùn tí ó bá gbà lóru, kò lè fi se oúnjẹ lójú ẹsẹ̀, nítorí oòrùn kò sí. Nítorí náà, ó sọ ọ́ di ásíìdì kan tí à ń pè ní ásíìdì málíìkì, ó sì kó o pamọ́ sínú ewé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò tú atẹ́gùn náà jáde lára ásíìdì, yóò sì fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ pẹ̀lú rẹ̀ nínú ilé tí a tì pa. Nítorí èyí, ewé rẹ̀ a máa kan lówùúrọ̀, ìkan náà a sì ti lọ bí ọjọ́ bá fi rọ̀.

Ìyanu ibẹ̀ nìyí, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá: lára àbámọdá ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí èyí kedere. Benjamin Heyne, onímọ̀ ewéko tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Íńdíà, tọ́ ewé àbámọdá wò lówùúrọ̀, ó rí i pé ó kan gan-an. Nígbà tí ó di ọ̀sán, kò ní adùn kankan mọ́. Nígbà tí ọjọ́ rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í korò díẹ̀. Lẹ́tà tí ó kọ lórí rẹ̀ jáde nínú ìwé ẹgbẹ́ onímọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1815. Títí di òní, orúkọ ẹbí òdúndún àti àbámọdá, Crassulaceae, ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń pe irú mímí yìí káàkiri àgbáyé.

Kí ni èyí kọ́ wa? Èkíní, ewéko tí ó ń ṣọ́ omi ná báyìí kò nílò kí a máa pọn omi sí i lójoojúmọ́. Èkejì, òru tútù ṣe pàtàkì fún un, nítorí òru ni ó ń gba atẹ́gùn. Ẹ̀kẹta, ìmọ́lẹ̀ ni ó fi ń se ohun tí ó kó pamọ́. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó, ìpamọ́ rẹ̀ di asán. Gbogbo ohun tí a ó sọ láti ìhín lọ, orí àwọn nǹkan mẹ́ta yìí ni ó dúró lé.

4. Yíyàn: ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ

Ẹni tí ó ń gbé yàrá kan ní Kàdúná, Zaria tàbí Minna, Haworthia ni kí ó kọ́kọ́ rà. Ó lè gbé nínú yàrá tí oòrùn kò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀, ooru wa kò sì tètè pa á.

Ẹni tí ó wà ní Jos ní àǹfààní tí ẹlòmíràn kò ní. Ìlú náà ga tó nǹkan bíi mítà 1,200 ju ìpele òkun lọ, òru ibẹ̀ sì máa ń tutù. Echeveria yóò rí ara rẹ̀ bí ẹni tí ó padà dé orí òkè Mẹ́síkò. Ní ìlú tí ooru ń mú tọ̀sán-tòru, Echeveria lè yè, ṣùgbọ́n òṣùká rẹ̀ kì í sábà dì dáadáa, ó sì máa ń tètè rà lákòókò òjò.

Sempervivum ní tirẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnu ọlọ́jà tàn yín. Òtútù ọdọọdún ni ó fi ń sinmi. Lójú fèrèsé ilẹ̀ wa, ìsinmi yẹn kò sí, yóò kàn máa gùn ni títí àárẹ̀ yóò fi mú un. Ìgbà tí a bá fi ẹ̀dá sí ibi tí kò bá a mu, ìkẹ́ kò ràn án.

5. Ìkòkò àti ilẹ̀

Ìkòkò amọ̀ ni ó dára jù, nítorí afẹ́fẹ́ ń gba ara rẹ̀ kọjá, omi inú rẹ̀ sì ń tètè gbẹ. Bí kò bá sí, ike tàbí agolo mílíìkì yóò ṣe é, bí a bá ti lè fi ìṣó gbígbóná lu ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ìdí rẹ̀. Ife alárànbarà tí kò ní ihò nídìí, pósí ewéko ni. Kí ìkòkò má tóbi jù. Kí ó kàn fi ìwọ̀n ìka kan fẹ̀ ju òṣùká náà lọ ni. Ìkòkò ńlá a máa gba omi púpọ̀ dúró, gbòǹgbò kékeré kò sì lè mu ún tán.

Ilẹ̀dú tí a fi ń gbin ẹ̀fọ́ kò dára fún un ní òun nìkan. Ẹ po ó báyìí: ìwọ̀n ife méjì iyanrìn odò tí ó hó, ìwọ̀n ife kan òkúta wẹ́wẹ́ tí kò tóbi ju ẹ̀wà lọ, àti ìwọ̀n ife kan ilẹ̀dú tí a ti sẹ́. Ẹ fọ iyanrìn náà títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ má lo iyanrìn etí òkun nítorí iyọ̀, ẹ má sì lo iyanrìn kíkúnná tí a fi ń rẹ́ ilé, nítorí ṣe ni yóò dì pọ̀ bí sìmẹ́ǹtì. Láti dán an wò, ẹ da omi sí i: bí omi bá ti ń wọlé tí ó sì ń jáde nídìí láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ti dára. Bí ó bá dúró lórí bí adágún, ẹ fi iyanrìn kún un.

6. Omi

Ìlànà rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: ẹ jẹ́ kí ó mu àmuyó, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá kí ẹ tó tún fún un.

Ẹ má wọ́n omi díẹ̀ díẹ̀ sórí rẹ̀ bí ẹni wọ́n omi sí aṣọ tí a fẹ́ lọ̀. Ẹ da omi sí ilẹ̀ inú ìkòkò títí yóò fi máa kán nídìí, kí ẹ sì da èyí tí ó bá dúró nínú àwo ìsàlẹ̀ nù. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìgbà tí ó yẹ kí ẹ tún fún un, ẹ mú ìgbálẹ̀ ẹyọ kan, ẹ tì í bọ ilẹ̀ ìkòkò náà dé ìdí, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ sì fà á yọ. Bí ó bá tutù tàbí tí eruku ilẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, kò tíì yá. Bí ó bá jáde gbígbẹ féú, ó ti tó. Ní ọ̀pọ̀ yàrá, èyí lè tó ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, ní ìgbà òjò ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ka ọjọ́, ìgbálẹ̀ ni kí ẹ gbà gbọ́.

Kí ni ìdí tí omi púpọ̀ fi ń pa á? Gbòǹgbò náà ń mí. Bí omi bá dí gbogbo àyè inú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ kò lè dé ibẹ̀, gbòǹgbò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú, olú sì wọ inú rẹ̀, ó di jíjẹrà. Ohun tí ó ń tan ènìyàn jẹ ni pé ewéko tí gbòǹgbò rẹ̀ ti jẹrà kò lè mu omi mọ́, nítorí náà ewé rẹ̀ yóò hunjọ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Olówó rẹ̀ á rí i, á tún bu omi sí i. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ parí iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀. Bí ewé bá hunjọ, ẹ kọ́kọ́ fi ìgbálẹ̀ yẹ ilẹ̀ wò. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, òùngbẹ ni. Bí ilẹ̀ bá tutù, ẹ fà á tu kí ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀.

7. Ìmọ́lẹ̀

Fèrèsé tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn ni ó dára jù fún Haworthia, nítorí oòrùn òwúrọ̀ kò le. Bí fèrèsé bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ẹ ta aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó lọ́sàn-án, tàbí kí ẹ sún ewéko náà sẹ́yìn díẹ̀. Echeveria nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó kéré tán, oòrùn wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, ìta lábẹ́ òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ni ó bá a mu jù.

Ewéko náà fúnra rẹ̀ yóò sọ tẹnu rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó, òṣùká yóò tú, àárín ewé yóò jìnnà síra, igi rẹ̀ yóò gùn tẹ̀ sí ọ̀nà fèrèsé. Bí oòrùn bá pọ̀ jù, Haworthia yóò pọ́n bí ìpẹ́ àlùbọ́sà, ṣóńṣó ewé rẹ̀ yóò sì gbẹ. Kí ẹ má ṣe gbé e láti inú òkùnkùn bọ́ sínú oòrùn ọ̀sán lọ́jọ́ kan ṣoṣo, yóò jó. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì sún un síwájú.

8. Ọyẹ́, ooru àti òjò

Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ a máa gbẹ, èyí kò sì ṣe olómi-lára ní ibi kan. Eruku ni ọ̀tá. Bí eruku bá bo ewé, ìmọ́lẹ̀ kò ní wọlé. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku kúrò lára Haworthia. Ẹ má fọwọ́ nu Echeveria rárá, nítorí ìyẹ̀fun funfun ara rẹ̀ ni agbòjò àti agboòrùn rẹ̀; bí ó bá ti ṣí kúrò lára ewé kan, kì í padà síbẹ̀ mọ́. Ẹ fẹ́ ẹ́ lẹ́nu fùù, ó ti tó.

Ní oṣù kẹta àti ìkẹrin ọdún, tí ooru gbóná kọjá ààlà, Haworthia a máa dúró láì dàgbà. Ó ń sinmi ni. Ẹ má sọ pé "ooru ń mú un" kí ẹ sì máa fi omi kẹ́ ẹ. Ẹ gbé e síbi ìbòòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kí ẹ sì dín omi kù.

Nígbà òjò, ẹ má gbé e síta láìsí òrùlé. Òjò ọjọ́ mẹ́ta léraléra lè ba iṣẹ́ ọdún kan jẹ́. Bí ẹ bá ń lọ ilé fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ má wá alágbàtọ́. Ẹ fún un lómi lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú ìrìn àjò, ẹ sún un kúrò lójú oòrùn líle, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn yín. Ẹ ó bá a láàyè.

9. Àìsàn àti kòkòrò

Bí ewé ìsàlẹ̀ ọ̀kan tàbí méjì bá gbẹ bí ìwé, kì í ṣe àìsàn. Ewé àgbà ni ó ń lọ. Ẹ yọ ọ́ dànù. Ṣùgbọ́n bí ewé bá rọ̀ bẹ̀tẹ̀bẹ̀tẹ̀, tí ó ń mọ́ gaara bí ẹni pé a bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná, jíjẹrà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fa ewéko náà tu, ẹ fi ọ̀bẹ mímọ́ gé gbogbo ibi tí ó ti dúdú títí ẹ ó fi kan ibi funfun tàbí ewéédú tí ó le, ẹ gbé e síbi gbígbẹ fún ọjọ́ márùn-ún sí méje kí ojú ọgbẹ́ jiná, kí ẹ sì tún un gbìn sínú ilẹ̀ gbígbẹ tuntun.

Kòkòrò tí ó wọ́pọ̀ jù ni kòkòrò kékeré kan tí ó dà bí òwú funfun, tí ó máa ń fara pamọ́ sí ìkorí ewé. Ẹ ki òwú bọ inú sípíríìtì tí à ń fi nu ojú ọgbẹ́, ẹ fi kàn án níkọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nítorí ẹyin tí ó bá ṣẹ́kù.

10. Bí a ṣe ń mú un bí sí i

Èyí ni ó dùn jù, nítorí ẹni tí ó bá ní ẹyọ kan lè fún gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Haworthia a máa bí ọmọ sí ìdí rẹ̀. Bí ọmọ náà bá ti tó ìdá mẹ́ta ìyá rẹ̀, ẹ rọra yà á pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ gbẹ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí ẹ tó gbìn ín. Ẹ má bomi sí i títí ọ̀sẹ̀ kan yóò fi pé.

Ewé ẹyọ kan lára Echeveria lè di odindi, gẹ́gẹ́ bí àbámọdá. Ẹ di ewé náà mú, ẹ yí i sọ́tùn-ún sósì títí yóò fi já láti ìdí. Bí ìdí bá ṣẹ́ kù sára igi, kò ní hù. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ gbígbẹ níbi ìmọ́lẹ̀ tí kì í ṣe oòrùn tààrà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, gbòǹgbò pupa fẹ́ẹ́rẹ́ yóò yọ, òṣùká tíntín yóò sì tẹ̀ lé e. Ìgbà yẹn ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọ́n omi díẹ̀ sí ìdí rẹ̀.

11. Ìkìlọ̀ lórí rírà

Láti ọdún 2019 ni àwọn olè ti ń hú ewéko olómi-lára nínú aginjù Gúúsù Áfíríkà lọ́nà tí ó burú, tí wọ́n ń kó wọn ránṣẹ́ sí àwọn olówó ní ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn kékeré tí à ń pè ní Conophytum ni ó fara gbá a jù. Ewéko tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún dàgbà lórí òkè kan ṣoṣo lè parẹ́ láyé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò sí ìdí kankan fún wa láti bá wọn lọ́wọ́ sí i. Gbígba ọmọ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, tàbí rírà lọ́wọ́ ẹni tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ni ó dára jù. Ó dín owó kù, ewéko tí a sì bí nínú ìkòkò a máa bá ìkòkò gbé.

Ìdánrawò

1. Ẹ já ewé àbámọdá kan ní ìdájí, ẹ gún un pẹ̀lú omi mímọ́ díẹ̀, kí ẹ fi pépà litmus aláró tàbí pépà pH kàn án. Ẹ tún já òmíràn lára igi kan náà ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ẹ ṣe bákan náà. Èwo ni ásíìdì rẹ̀ pọ̀ jù? Kí ni ìdí? (Ẹ má tọ́ ọ wò bíi ti Heyne, pépà yóò jẹ́rìí.)

2. Ọ̀rẹ́ yín sọ pé ewé Haworthia òun ti hunjọ, ilẹ̀ ìkòkò rẹ̀ sì tutù. Kí ni ẹ ó gbà á níyànjú láti ṣe, kí ni kò sì gbọdọ̀ ṣe?

3. Ẹ dárúkọ ewéko olómi-lára mẹ́ta tí wọ́n mọ̀ ní ìlú yín nílé, kí ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ àwọn òbí yín ohun tí wọ́n ń lò wọ́n fún.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ewéko olóṣùká kì í ṣe ohun ẹ̀ṣọ́ lásán. Ó ní ìlú, ó ní ẹbí, ó sì ní aago tirẹ̀ tí ó fi ń ṣiṣẹ́ lóru nígbà tí àwa ń sùn. Ẹni tí ó bá bá aago náà lọ, tí ó fún un ní ìmọ́lẹ̀, tí ó fún un ní ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí, tí ó sì kó ọwọ́ omi rẹ̀ ró, yóò rí i pé ewéko náà lè bá òun parí ìwé kí ó sì tẹ̀ lé òun relé. Àwọn bàbá wa ti gbin òdúndún àti àbámọdá sí àgbàlá tipẹ́tipẹ́. Àwa ọmọ wọn tí a wà ní ẹ̀yìn odi, ẹ jẹ́ kí a fi ojú ìmọ̀ wo ẹbí wọn tí ó wà lójú fèrèsé wa. Bí ẹ bá kúrò nídìí ìwé yìí báyìí, ẹ mú ìgbálẹ̀ ẹyọ kan, kí ẹ yẹ ilẹ̀ ìkòkò yín wò kí ẹ tó bu omi. Ire o.